Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kù Lẹ́nu Aláwàdà

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá ti pa á kí ó dùn ju báyìí lọ, ǹ bá sì ti wá ìparí gidi fún un. Òótọ́ ni kì í gba àtúnṣe.

Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn òǹwòran má gbọ́ ohùn rẹ̀ láé. Aránnilétí ni, nínú ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé kan. Bí eléré bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ni yóò fi èémí sọ ọ́ sí i létí láti orí àpótí ìjókòó rẹ̀, lẹ́yìn aṣọ dúdú, lápá òsì ìtàgé. Bí ẹni tó jókòó níwájú pátápátá bá gbọ́ ọ, ó ti ṣe àṣejù. Bí eléré kò bá gbọ́ ọ, kò ṣe tó. Àárín méjèèjì ni ó ti ń jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ń pè é ní Àǹtí Létí.

Iṣẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi èémí sọ kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Dò kò sí níbẹ̀, mí kò sí níbẹ̀. Ọkọ tí a fẹ́, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a wọ̀, ọ̀kọ̀ tí a fi gún ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Eléré tó gbọ́n á fi orí ara rẹ̀ kún un. Eléré tí kò gbọ́n á gbé ọkọ́ wọlé níbi tí ìyàwó ti ń retí ọkọ.

Ibẹ̀ ni òfin kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà kò fi ṣeré ti wá. Nígbà ayé aránnilétí tó wà ṣáájú Àǹtí Létí, àgbà eléré kan tó ń ṣe ọba sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rò pé ó tán, ó fẹ́ wọlé. Aránnilétí sọ sí i létí pé, "Ó kù." Kábíyèsí gbọ́, "Ó kú." Ó ṣí adé, ó bú sẹ́kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárò olorì. Olorì dúró tì í, ara rẹ̀ le koko. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "ó kù" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé mọ́. "Ó ṣẹ́kù" ni wọ́n ń sọ. Àǹtí Létí kò rú òfin yìí rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkọ rẹ̀ ni aláwàdà ẹgbẹ́. Ìgbéyàwó wọn bára mu: ọ̀kan ń pariwo, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Eré tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, eré ìfẹ́ ni. Ọmọ awakọ̀ ojú omi fẹ́ràn ọmọbìnrin oníbodè afárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ afárá ni kò ti sí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ mọ́, nítorí náà ilé méjèèjì kì í kí ara wọn. Akólòlò ni ọmọkùnrin náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ "mo fẹ́ ọ" láàárọ̀, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ó tó parí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń bá a sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ yìí ni ẹnu rẹ̀, ọ̀rẹ́ yìí sì ni Aláwàdà ń ṣe.

Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò kú. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, ìyàwó ọ̀la, yọ idà nínú kùrukùru lórí afárá, ọ̀rẹ́ náà sì fi àwàdà dá a lágara títí apá rẹ̀ fi wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ pòórá nínú kùrukùru náà, gbogbo ènìyàn sì rò pé ó ti bá omi lọ. Níbi ìgbéyàwó ló ti yọ sí wọn, ó gbé ọtí dání, ó ní, "Ẹ nu ojú yín nù. Ẹni tí ẹ ń sunkún rẹ̀ ló gbé ọtí dé yìí." Àwọn òǹwòran á rẹ́rìn-ín, aṣọ ìkélé á wálẹ̀, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń gba ilé lọ ṣáájú.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ó ní ìgbéyàwó tí ènìyàn ti rí láti òkèèrè kò níyì ní wíwò. Ó ní kí ẹnì kan kú. Ó wá wo gbogbo wọn yíká bí ẹni tó ń yan adìẹ. Ojú rẹ̀ bà lé Aláwàdà.

Aláwàdà kò jiyàn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ìsinmi.

Báyìí ni idà ṣe wọ inú eré ìfẹ́. Nínú kùrukùru, ẹ̀gbọ́n ìyàwó gún ọ̀rẹ́, ó rò pé ọkọ ni. Ohun tó tẹ̀lé e ya Ọ̀gá pàápàá lẹ́nu, nítorí kò tún ọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ. Eré náà fúnra rẹ̀ ló yí. Ẹnu akólòlò ti kú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí ó fẹ́ rán sí ìyàwó, pé kí ó má wá sórí afárá, kò sì sí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́. Kíkólòlò tí wọ́n ti ń fi rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, òun gan-an náà ni, kò yí padà, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. "M-m-m," ni yóò máa wí. Ìyàwó á sì ti bọ́ sómi.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ènìyàn ń kó ẹbí wọn wá sunkún.

Ọmọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Òpó ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Idà pátákó ni idà rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn ún, ojú rẹ̀ kò lè gé bọ́tà. Bí ó bá ti gún Aláwàdà, Aláwàdà á wo àyà ara rẹ̀, á ní, "Ẹ wò ó, wọ́n ti ṣí fèrèsé sí mi láyà. Atẹ́gùn á máa wọlé." Ilé á rẹ́rìn-ín. Aláwàdà á ṣubú. Ẹ̀rín náà á dé ìdajì. Á dúró. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa. Òkú á wà lórí afárá títí aṣọ ìkélé yóò fi wálẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í wúkọ́.

Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni Àǹtí Létí ti gbọ́ ọ.

"O ku."

Mi ò fi àmì sí i. Kò ní àmì. Èémí ni.

Ọwọ́ ọ̀tún ló ti wá. Ìtàgé náà kò sì ní ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀ tán mọ́ ẹni tó kọ́ ilé náà lọ́wọ́, ògiri ló fi dí i. Láàárín ògiri yẹn àti aṣọ dúdú, aláǹgbá gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Aṣọ ìkélé wálẹ̀. Aláwàdà kò dìde.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Irú ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ó ti kú rí nídìí oúnjẹ. Ó ti kú rí ní báńkì, nígbà tí ìlà gùn jù. Òpó fi ìka ẹsẹ̀ tọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ dìde, a fẹ́ gbálẹ̀."

Aláwàdà la ojú. Ọwọ́ ọ̀tún ló wò, kì í ṣe ọwọ́ òsì tí ìyàwó rẹ̀ wà.

"Mo ń dúró de ìyókù," ó wí.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ìyàwó rẹ̀ bi í pé ìyókù kí ni.

"Ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ṣebí ìwọ lo ní ó kù."

"Èmi kọ́. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ bẹ́ẹ̀."

Aláwàdà ń fi òwú nu àtíkè ojú rẹ̀.

"Àbí mo kú lo wí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó. Bí ó bá jẹ́ "ó kù" ni, ọ̀rọ̀ ṣẹ́kù fún ọkọ òun láti sọ. Bí ó bá jẹ́ "ó kú" ni, wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ "o kú" ni, ọkọ òun gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, á jẹ́ pé ẹni náà ju ọkọ òun lọ lọ́jọ́ orí, tàbí kí ó jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, ó lọ wo ògiri náà. Ó rọra fi ẹ̀gbẹ́ wọ ibẹ̀. Eruku. Ìṣó kan. Òkùnkùn àti òórùn sìmẹ́ǹtì. Ó fi ọwọ́ pa ògiri láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbẹ, àfi ojú kan. Ibẹ̀ tutù, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn mí sí dígí. Ó wọn bí ó ṣe ga tó pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jókòó síbẹ̀ lórí irú àpótí tí òun máa ń jókòó lé, ẹnu onítọ̀hún ló máa wà níbẹ̀.

Ó tọ Ọ̀gá lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá ìgbéyàwó padà sínú eré.

"Nítorí kí ni?"

"Ògiri ń sọ̀rọ̀, sà."

"Kí ló sọ?"

"Mi ò mọ̀. Kò ní ohùn."

Ọ̀gá wò ó títí. Ó ní bí ògiri bá ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, kí ó wá rí òun ní ọ́fíìsì. Ó ní ilé kún, òun kò sì ní lé ènìyàn jáde nílé nítorí ilé.

Wọ́n tún ṣe eré náà. Ohùn náà tún wá. Aláwàdà pẹ́ nílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nígbà tí ó sì dìde, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ìgò omi. Wọ́n tún ṣe é. Ó tún pẹ́ sí i. Kò sẹ́ni tó dààmú. Ẹni tó bá ti fi ikú ṣeré títí, ọjọ́ tí ó bá kú gan-an, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Aláwàdà fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì máa ń tètè gbóná.

Òpó ló kọ́kọ́ dẹ́kun ẹ̀rín. Ó dá Àǹtí Létí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Àǹtí, idà yẹn ń wọlé."

"Wọ ibo?"

"Inú wọn. Mo máa ń dá a dúró létí aṣọ, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ bọ inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí mo bá yọ ọ́, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀. Ẹ tún máa ń sọ fún mi pé wọ́n kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ ọ́."

Àǹtí Létí kò sọ pé òun kọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bi ẹni tó ń ṣe akólòlò, pé ṣé ó ń gbọ́ nǹkan. Ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni, òun máa ń gbọ́ ọ nígbà tí Àǹtí bá ní "ó kù". Ó ní kí ó dákun rántí pé wọ́n fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn.

Nílé, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó má lọ mọ́. Ó ní kí ẹlòmíràn wá kú fún ìgbà díẹ̀. Aláwàdà ń gé èékánná ẹsẹ̀. Ó ní kò sí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ tó lè kú kó dùn-ún wò. Ó ní bí òun bá jẹ́ kí ẹlòmíràn kú ikú òun, kí ni òun tún fẹ́ máa jẹ. Lẹ́yìn náà, ó gbé abẹ sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ láìfi ṣeré, ohun tí obìnrin náà kò tí ì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Nígbà tí mo bá wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn máa ń wà lórí ahọ́n mi. Èyí tí Ọ̀gá yọ. Ó máa ń wuwo lẹ́nu mi bí òkúta. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sọ ọ́ kí n dìde, àbí kí n gbé e mì kí n máa lọ."

"Kí ni mo máa ṣe?"

"Bí mi ò bá tètè dìde, pè mí."

"Wúyẹ́wúyẹ́?"

"Ìyàwó, ṣé wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n fi ń jí èèyàn?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan dúró. Wọ́n tú èéfín sílẹ̀ fún kùrukùru. Ó rọra tàn kálẹ̀ lórí afárá pátákó náà, ó ga dé orúnkún. Òpó yọ idà. Ó fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn òǹwòran rò pé ó mọ eré ṣe. Ó gún un.

Àǹtí Létí ń wò láti ẹ̀yìn aṣọ. Ó rí i pé idà náà wọ inú rẹ̀ lọ.

"Ẹ wò ó," Aláwàdà wí, "wọ́n ti ṣí fèrèsé sí mi láyà. Atẹ́gùn á máa wọlé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ṣubú. Ẹ̀rín dé ìdajì. Ó dúró.

Èéfín rọra bò ó mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá ń mí nínú èéfín, èéfín iwájú ihò imú rẹ̀ á máa là díẹ̀díẹ̀, á tún máa pa dé. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ibẹ̀. Èéfín náà dúró lórí ojú ọkọ rẹ̀ bí ọ̀rá lórí ọbẹ̀ tó ti tutù. Kò là.

Akólòlò wọlé. Ó dúró ti òkú. "M-m-m," ó wí. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìró kankan, kódà ti àga.

"O ku," ni ògiri wí.

Aláwàdà kò mira. Òpó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó pa ojú dé.

Àǹtí Létí dìde lórí àpótí rẹ̀. Ó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ ní fífi èémí sọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn láti fi ohùn sí i. Ó mọ̀ pé ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò lè fi ohùn sí tirẹ̀. Ohun tó sọ kò tí ì jẹ́ nǹkan kan. Kò tí ì jẹ́ ìyè, kò tí ì jẹ́ ikú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ohùn sí i ló ni ín. Ó la aṣọ dúdú sí méjì, ó bọ́ sójú iná, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ gan-an sọ ọ́. Ó fà á wálẹ̀, ó fi dò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń kan èèkàn.

"Ó kù."

Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ. Ọ̀gá gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì.

Èéfín tó wà lójú Aláwàdà là.

Ó jókòó. Ó dìde. Ó gbọn eruku kúrò ní ìdí rẹ̀. Ó yíjú sí gbọ̀ngàn, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. "Ẹ nu ojú yín nù," ó wí. "Ẹni tí ẹ ń sunkún rẹ̀ ló gbé ọtí dé yìí." Kò gbé ọtí kankan dání. Wúyẹ́wúyẹ́ ló sọ ọ́, èémí lásán. Síbẹ̀ gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pé. Àwọn eléré wo ara wọn, nígbà tí kò sì sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyàwó tó yẹ kó ti bọ́ sómi jáde wá pẹ̀lú ojú tó gbẹ. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi dùn wọ́n. Òpó nìkan ni kò tẹríba fún wọn. Ó kọ ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn, ó kọjú sí ògiri.

Aláwàdà kò kú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìtàn parí síbẹ̀ lè dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà mọ́. Èémí ni ó fi ń sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ yẹn. Dókítà tan iná sí ọ̀fun rẹ̀, ó ní ó mọ́ ju ọ̀fun tòun lọ. Bí ó bá ní kí ìyàwó bá òun gbé ọkọ́ wá, ìyàwó ní láti bi í pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ṣì ń ṣàwàdà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a fi ohùn sí i fún àwọn àlejò, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ẹlòmíràn de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ọ̀gá fi ìgbéyàwó sílẹ̀ nínú eré náà, gbọ̀ngàn sì dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Òpó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ pé bàtà ló ń tà.

Ní ìrọ̀lẹ́, tọkọtaya náà máa ń jókòó sí pálọ̀, ọkọ lápá òsì, ìyàwó láàárín, ògiri lápá ọ̀tún. Nígbà mìíràn, nígbà tí rédíò bá dákẹ́ láàárín ìròyìn àti orin, obìnrin náà a máa gbọ́ ọ.

"O ku."

Ó lè jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ kí i. O kú iṣẹ́. O kú ìjókòó. Ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ ìkíni kó má parí i. Ohun tí ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í yíjú wò.

Lọ́jọ́ kan, ó yíjú. Òkèlè wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Òun náà ti gbọ́ ọ, ọwọ́ ọ̀tún ló ń wò, ó sì ti dẹ́kun jíjẹ.

Obìnrin náà na ọwọ́, ó pa rédíò. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró de ìyókù.